Bàálù ogun àtijọ́ tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́: Èènì ni, kì í ṣe òfò

Lọ́dún 1942, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń gbóná lọ́wọ́, bàálù ogun kan wà ní pápákọ̀ Hawkinge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ Yorùbá kò ní lè kọjá lára rẹ̀ kó má bojú wẹ̀yìn. Spitfire ni wọ́n ń pe irú bàálù ọ̀hún, ohun tí wọ́n sì kọ sára rẹ̀ ni “Nigeria Oyo Province”. Ọ̀wọ́ ọmọ ogun òfurufú tí wọ́n ń pè ní 91 (Nigeria) Squadron ló ni ín, Bobby Oxspring tó jẹ́ ọ̀gá wọn lọ́dún náà sì wà lára àwọn tó wà á. Owó ló gbé orúkọ Ọ̀yọ́ débẹ̀. Ètò tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé ìlú, àgbègbè tàbí iléeṣẹ́ tó bá lè dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún pọ́n-ùn jọ láti fi ran ogun náà lọ́wọ́, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sára Spitfire kan. Owó ńlá ni láyé ìgbà yẹn, àwọn èèyàn Nàìjíríà sì dá tiwọn.

Ogun náà parí lọ́dún 1945, ojúlówó Spitfire tó ṣì lè gbéra nílẹ̀ lónìí kò sì pọ̀ mọ́. Síbẹ̀, kò sí ọjọ́ tí Ọlọ́run dá tí Spitfire kì í fò. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń fò, nínú àwọn géèmù tí wọ́n fi ń wa bàálù ogun bíi pé èèyàn wà nínú rẹ̀ gan-an. Ohun tó yẹ kó ya oníṣòwò lẹ́nu ni pé púpọ̀ nínú àwọn bàálù inú kọ̀ǹpútà yìí, wọn kì í tà wọ́n. Ẹnì kan ló jókòó sí yàrá rẹ̀, ó fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe é, nígbà tó parí, ó ní kí gbogbo ayé wá mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń san owó ṣọ́ọ̀bù, tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, tí ọmọ iṣẹ́ sì ń wojú rẹ̀, yóò béèrè lójú ẹsẹ̀ pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè náà kan télọ̀, ó kan ayàwòrán, ó kan ẹni tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà, nítorí kò sí oníṣòwò kan tí wọn kì í ní kó fi nǹkan sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà yé èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1998, iléeṣẹ́ Microsoft gbé géèmù kan jáde tí wọ́n pè ní Combat Flight Simulator. Ìkejì rẹ̀ jáde lọ́dún 2000, ìkẹta jáde lọ́dún 2002. Lọ́dún 1998 yẹn kan náà ni Falcon 4.0 ti iléeṣẹ́ MicroProse jáde, tó dá lórí bàálù F-16, nígbà tó sì di ọdún 2001, àwọn ará Rọ́ṣíà gbé IL-2 Sturmovik jáde. Owó ni wọ́n fi ń ra gbogbo wọn. Ìwọ̀nba bàálù ló máa ń bá irú géèmù bẹ́ẹ̀ wá nínú páálí rẹ̀. Bí èyí tí oníbàárà fẹ́ràn kò bá sí níbẹ̀, àfi kí ẹlòmíràn ṣe é, kó sì fi kún un. Ohun tí wọ́n ń pè ní àfikún nìyẹn. Àwọn kan ń ta àfikún, àwọn kan sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́.

Iṣẹ́ tó wà nínú àfikún kan kì í ṣe kékeré. Ẹni tó fẹ́ ṣe é yóò kọ́kọ́ wá àwòrán àti ìwé ìwọ̀n bàálù náà kiri, nítorí iléeṣẹ́ tó ṣe ojúlówó rẹ̀ lè ti kógbá sílé láti ọjọ́ pípẹ́. Yóò gbẹ́ ara bàálù náà lórí kọ̀ǹpútà bí agbẹ́gilére ṣe ń gbẹ́ igi, yóò kùn ún ní ọ̀dà, yóò ṣe yàrá awakọ̀ pẹ̀lú gbogbo aago rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa kọ ìwé ìṣirò tí géèmù máa kà: bí bàálù náà ṣe wúwo tó, bí ìyẹ́ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ibi tí ìbọn rẹ̀ wà, àti ohun tó máa bàjẹ́ bí ọta bá bà á. Bí ìṣirò kan bá ṣì, bàálù náà á máa yí gbirigbiri bí òkòtó, tàbí kó má lè gbéra nílẹ̀ rárá. Iṣẹ́ kan ṣì wà tó rọrùn ju èyí lọ, ìyẹn ọ̀dà nìkan. Nínú IL-2, fọ́tò lásán ni ọ̀dà ara bàálù. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà lè kọ “Nigeria Oyo Province” sára Spitfire tiẹ̀, kó sì pín in fún ọ̀rẹ́.

Tí wọ́n bá ní ẹni tó ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí tí kò gba kọ́bọ̀ jẹ́ òmùgọ̀, ọjà Yorùbá kọ́ ló máa kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìyá tó ń ta gààrì tí kò mọ èènì. Bó bá ti wọn kóńgò tán fún oníbàárà, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ẹ̀kúnwọ́ yẹn kì í ba ọjà rẹ̀ jẹ́, òun ló ń mú kí oníbàárà fo ìsọ̀ mẹ́ta kọjá kó tó dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Àmọ́ èènì ní òfin o. Àkọ́kọ́, orí ọjà tí wọ́n sanwó rẹ̀ ló ń wà. Ìkejì, ẹni tó ni ọjà ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú, oníbàárà kì í ki ọwọ́ bọ inú àpò fúnra rẹ̀. Ìkẹta, kì í tóbi ju kóńgò lọ. Tí wọ́n bá fi òfin mẹ́ta yìí wọn ọ̀rọ̀ bàálù ọ̀fẹ́, ohun tó wà níbẹ̀ á hàn kedere.

Ẹni tó kọ́kọ́ ń jèrè bàálù ọ̀fẹ́ ni ẹni tó ni géèmù. Ẹ wo Combat Flight Simulator kejì. Ogun Amẹ́ríkà àti Japan lórí òkun Pàsífíìkì ni wọ́n gbé e kà, àwọn bàálù orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí ni wọ́n sì kó sí i fún oníbàárà láti wà. Ẹni tó fẹ́ wa bàálù ilẹ̀ mìíràn, ọwọ́ àwọn tó ń pín àfikún ọ̀fẹ́ ló máa ń wò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí bí èèyàn ṣe lè lo àfikún náà láìkọ́kọ́ ra géèmù. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé gbogbo àwọn tó ń fi òru ṣiṣẹ́ ní yàrá wọn yẹn, èènì ni wọ́n ń bù lé kóńgò Microsoft, Microsoft kò sì san owó oṣù fún ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Bí ọjà kan bá wà tí àwọn ẹlòmíràn ń bá onítọ̀hún fi èènì sí, ṣe ni kó máa dúpẹ́.

Ti Falcon 4.0 tún fi ọ̀rọ̀ náà hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí géèmù náà jáde lọ́dún 1998 tí àwọn tó ni ín fi dáwọ́ iṣẹ́ lórí rẹ̀ dúró. Ní ìlànà ọjà, ó yẹ kó ti kú kí wọ́n sì ti gbàgbé rẹ̀. Àmọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò jẹ́ kó kú. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un kùn, àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní BMS sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ di dandan: ẹni tó máa lo BMS gbọ́dọ̀ ní ojúlówó Falcon 4.0 lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí ọjà tó ti lé lógún ọdún, tó yẹ kó wà ní ààtàn, ṣe ṣì ń rí ẹni rà á nìyẹn. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló gbé iṣẹ́ olówó ró.

Níbi tí Microsoft ti ṣìnà ni pé, nígbà tó yá, ó gbàgbé ẹni tó ń bù ú lé kóńgò fún un. Combat Flight Simulator kẹta tó jáde lọ́dún 2002 ni wọ́n fi ṣe ìkẹyìn ẹ̀yà ti ogun. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, wọ́n ti ẹ̀ka ACES Studio tó ń bá wọn ṣe géèmù bàálù pa. Nígbà tí wọ́n máa padà sọ́jà ní oṣù kejì ọdún 2012, Microsoft Flight ni wọ́n gbé wá. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni géèmù náà fúnra rẹ̀, àmọ́ àwọn nìkan ló máa ta àfikún. Kò sí àyè mọ́ fún ẹni tó fẹ́ pín, kò sì sí fún oníṣòwò kékeré tó fẹ́ tà. Lára ohun tí wọ́n tà ni bàálù ogun àtijọ́ P-51 Mustang tí kò ní yàrá awakọ̀, ìta nìkan ni ẹni tó sanwó rẹ̀ ti lè máa wò ó. Ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà, wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ lórí rẹ̀ dúró. Kò pé oṣù mẹ́fà.

Àwọn kan lè sọ pé nǹkan mìíràn ló pa á, pé kò tẹ́ àwọn àgbà lọ́rùn, pé ilẹ̀ tí wọ́n kó sínú rẹ̀ kéré. Òtítọ́ wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ kéré tí bàálù kò sì pọ̀, àwọn wo ni ìbá ti fi kún un bí kì í bá ṣe àwọn tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ síta? Àwọn náà ló ti ń di ihò bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Nígbà tí Microsoft tún gbé Microsoft Flight Simulator tuntun jáde lọ́dún 2020, wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn náà padà, àwọn tó ń tà àti àwọn tó ń pín sì jọ wọlé. Géèmù náà kì í ṣe ti ogun, kò sí ìbọn nínú rẹ̀, síbẹ̀ àwọn bàálù ogun àtijọ́ ti kún ibẹ̀ bámúbámú. Ẹni tó ní ọjà tó gbóòórùn, ṣe ló yẹ kó fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ fi tiwọn kún un. Bó bá lé wọn, òun nìkan ló máa dá òkè náà gbé.

Àmọ́ ṣá, ẹjọ́ kan wà tí kò ṣeé pa mọ́lẹ̀, ìyẹn ti àwọn oníṣòwò kékeré tó ń ta àfikún jẹun. Bí ẹnì kan bá ń ta bàálù kan, tí aládùúgbò rẹ̀ sì gbé irú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àbí kí ló fẹ́ jẹ? Ẹni tó bá ti ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rí, tí ọmọ ọlọ́mọ kan sì gbé fóònù wá síbi ìnáwó, tó ń ya fọ́tò fún gbogbo ènìyàn láìgba owó, mọ bó ṣe ń rí lára. Kì í ṣe ìlara ni ẹjọ́ náà, oúnjẹ ọmọ ló wà níbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tó ti wà ní ìhà méjèèjì, tí wọ́n ti pín rí, tí wọ́n sì tún tà.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń jẹ́ OBD Software. Wọ́n mú Combat Flight Simulator kẹta, wọ́n yí i padà di ti Ogun Àgbáyé Kìíní, ìyẹn ogun ọdún 1914 sí 1918, nígbà tí igi àti aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe bàálù. Over Flanders Fields ni wọ́n pè é. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Àwọn èèyàn lò ó, wọ́n sọ ibi tó kù sí, àwọn tó ṣe é sì ń tún un ṣe. Nígbà tó di ọdún 2009 tí ìpele kẹta rẹ̀ jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó. Àwọn tó ti ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sanwó fún, nítorí wọ́n ti tọ́ ọ wò. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Wings: Over Flanders Fields, tí òun náà jẹ́ olówó. Bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń ránṣọ fún ará àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó gba fírídọ̀ọ̀mù gẹ́lẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ náà ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun náà ló sì wá oníbàárà sílẹ̀ dè é.

Iléeṣẹ́ Alphasim gba ọ̀nà ibòmíràn. Àwọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú títà. Bàálù ogun ni ọjà wọn, àti ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Nígbà tí wọ́n yí orúkọ padà sí Virtavia, wọ́n kó àwọn iṣẹ́ wọn tó ti pẹ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń ta èyí tó jẹ́ tuntun. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ọjà tó ti pẹ́ lórí igbá, tí géèmù tí wọ́n ṣe é fún ti ń di ti àná, èrè wo ló tún kù lára rẹ̀? Bí wọ́n bá pa á mọ́, ó máa kú sínú àpótí. Bí wọ́n bá pín in, ẹnikẹ́ni tó bá gbé e fò ń rí orúkọ iléeṣẹ́ náà. Àwọn aláṣọ tó ń fi àjákù lésì ṣe fìlà fún ọmọ oníbàárà mọ ohun tí èyí ń sọ.

Àwọn Eagle Dynamics tó ni DCS World ṣe tiwọn lọ́nà kẹta. Géèmù fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, bàálù méjì sì bá a wá láìgba owó: Su-25T ti àwọn ará Rọ́ṣíà, àti TF-51D, ìyẹn Mustang àtijọ́ tí kò ní ìbọn. Ẹni tó bá fẹ́ Mustang tó ní ìbọn, owó ni. Wọ́n tún ṣètò pé èèyàn lè fi ọjọ́ mẹ́rìnlá dán púpọ̀ nínú àwọn bàálù tí wọ́n ń tà wò kó tó rà á. Àwọn èèyàn kan tí wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà sì ṣe A-4E Skyhawk síbẹ̀, bàálù tí irú rẹ̀ kọ́kọ́ fò lọ́dún 1954, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń pín in. Bàálù ọ̀fẹ́ tó dára yẹn kò ní kí àwọn tó ń tà máà tà. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé ọ̀pá ìwọ̀n sókè: ẹni tó bá máa gba owó lọ́wọ́ èèyàn níbẹ̀ mọ̀ pé tòun gbọ́dọ̀ ju ti ọ̀fẹ́ lọ. Oníṣòwò tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá ju ti ẹni tó ń fi ṣeré lọ, ẹlẹ́bùn kọ́ ni ọ̀tá rẹ̀.

Ibi tí ọ̀fẹ́ ti ń di òfò lóòótọ́ wà, mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni àìmọ ohun tó wà nínú ìwé. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń pín bàálù ló máa ń fi ìwé kékeré kan sínú rẹ̀ pé àwọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni tà á. FlightGear, géèmù bàálù ọ̀fẹ́ tí Spitfire àti Hurricane wà nínú rẹ̀, ní ìwé tiẹ̀ náà, àmọ́ irú ìwé tí wọ́n ń pè ní GPL ni. Ìwé yẹn gbà kí ẹnikẹ́ni mú un, kó tún un ṣe, kó sì tà á pàápàá, bó bá ti lè tẹ̀ lé àwọn ìlànà inú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2010, àwọn kan mú un, wọ́n fún un ní orúkọ mìíràn, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tí kò mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ni FlightGear kò lè ní kí wọ́n má tà á, ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n kéde fún aráyé pé ohun tí wọ́n ń rà yẹn wà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Àwọn mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí, àmọ́ oníṣòwò púpọ̀ kì í mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń bu èènì, àbí ó ti gbé gbogbo àpò sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọjá.

Ìkejì ni ibi ìpamọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ìṣúra tó tóbi jù lọ fún àfikún bàálù ni AVSIM. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2009, àwọn ọ̀bàyéjẹ́ já wọ inú kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n sì pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Kọ̀ǹpútà ńlá méjì ni AVSIM ní, wọ́n sì gbà pé àwọn ti ṣọ́ra, nítorí ohun tó wà nínú ọ̀kan ni wọ́n máa ń dà kọ sínú ìkejì. Àwọn tó wá ba nǹkan jẹ́ kọ lu méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. AVSIM padà dìde lẹ́yìn náà, àmọ́ ẹ̀kọ́ náà kò tíì di ti àná. Ẹni tó kó ìwé gbèsè oníbàárà sínú fóònù kan, tó wá dà á kọ sínú fóònù kejì, tí fóònù méjèèjì sì wà nínú báàgì kan náà, ibì kan ṣoṣo ló kó o sí.

Ìkẹta ni agbára ẹni tó ń pín. Ọ̀fẹ́ kì í san owó iná. Lọ́dún 2001, Gmax jáde, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe bàálù fi ń gbẹ́ ẹ. Nígbà tó di ọdún 2005, iléeṣẹ́ tó ni ín dáwọ́ iṣẹ́ lórí rẹ̀ dúró, kò sì sí ohun tí àwọn tó ń lò ó lè ṣe sí i, nítorí wọn kò sanwó, kò sì sí àdéhùn. Ti Blender yàtọ̀. Lọ́dún 2002, nígbà tí iléeṣẹ́ tó ni ín wọlé, àwọn tó ń lò ó dá ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún yúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méje, wọ́n fi ra á sílẹ̀, ó sì di ti gbogbo ayé. Òun ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣe bàálù lónìí. Ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá fi owó tì lẹ́yìn, ọjọ́ tó bá wu onílé ni yóò ti ìlẹ̀kùn. Bó ṣe rí fún irinṣẹ́ náà ló rí fún èèyàn: ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ará àdúgbò ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ láràárọ̀, tí kò sì ní ohun kan tó ń gba owó lé lórí, ọjọ́ kan ni kò ní ṣílẹ̀kùn mọ́, àwọn tó ń ràn lọ́wọ́ yóò sì máa bínú sí i.

Ohun tí oníṣòwò kékeré lè fi èyí ṣe kò le. Kó jókòó kó mú bébà, kó pín iṣẹ́ rẹ̀ sí méjì. Apá kan ni èyí tí kò ná an ní púpọ̀ mọ́, bí àwòrán aṣọ tó ti pẹ́, ẹ̀kọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ní iléewé kọ̀ǹpútà, tàbí yíyẹ fóònù tó bàjẹ́ wò láti mọ ohun tó ń ṣe é. Èyí ló lè fi ṣe èènì. Apá kejì ni èyí tó ń gba àkókò, ojú àti ohun èlò, bí aṣọ ìgbéyàwó, bí àtúnṣe fóònù fúnra rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àpọ́nlé tàbí ìbátan fa apá kejì yìí wọ inú ti ọ̀fẹ́. Kó kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sára gbogbo ohun tó bá pín. Bí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn lè dà kọ, kó kọ gbólóhùn kan sí i nípa ohun tó gbà kí wọ́n fi ṣe àti ohun tí kò gbà. Kó sì fi ọjọ́ sí i, kí oníbàárà mọ ìgbà tí ọ̀fẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó ń parí.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń fi èènì sí ọjà rẹ̀, bí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń tà, tàbí oníbàárà tó ń júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀, kó má ṣe bí Microsoft ti ọdún 2012. Kó fún wọn ní àga, kó dá wọn lóhùn nígbà tí wọ́n bá ní ìbéèrè. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún un, kò ní lè san owó rẹ̀ bí wọ́n bá ní kó san án.

Spitfire tí wọ́n kọ “Nigeria Oyo Province” sí náà bá òfin èènì mu. Àwọn tó dá owó ogun nígbà yẹn mọ iye tó ń mú orúkọ wọ ara bàálù, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n máa rí gbà padà. Ẹ̀bùn ni, àmọ́ ẹ̀bùn tó ní àdéhùn ni. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún tí bàálù náà ti jagun, orúkọ Ọ̀yọ́ ṣì wà nínú fọ́tò rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ lè kọ ọ́ sára ti inú kọ̀ǹpútà lónìí. Bí oníṣòwò bá fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kó ṣe é bẹ́ẹ̀: kó mọ iye rẹ̀, kó kọ orúkọ sí i, kó tó jẹ́ kó fò.